Èló Lẹ Ra Ilé Onítáyà Yín?

Wes Dykstra wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúrà ló ń gbà. Ọ̀pá rọ́bà ńlá tó ń gbé ìgbẹ́ àti ìtọ̀ gbogbo ìdílé rẹ̀ kúrò nínú ilé onítáyà wọn lọ sínú ihò ilẹ̀ ló fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, ó sì ń súfèé bí ẹni tó ń bomi rin òdòdó. Kò jìnnà sí i ni Brenna, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dúró sí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu kó gbé òun mì, nítorí Kenzie ń bọ̀.

Kenzie ni gbogbo ọ̀dọ́ ibùdó ìsinmi tí wọ́n wà náà ń tẹ̀ lé kiri bí òròmọdìyẹ ṣe ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ilé onítáyà ti àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò fà lọ bí ewúrẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni mọ́tò. Ó gùn bíi bọ́ọ̀sì, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan, ògiri rẹ̀ á sì rọra yọ síta bí ikùn ọkùnrin tó tú bẹ́líìtì. Kenzie àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dúró. Wọ́n wo ọ̀pá rọ́bà. Wọ́n wo bàbá tó ń súfèé. Kenzie fi ìka méjì dí imú, ó yíjú sí ilé funfun oníìlà aláwọ̀ ewé náà.

"Brenna, èló làwọn òbí ẹ ra èyí?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe ìwọ̀sí níbẹ̀. Ní ibùdó yìí, létí adágún kan ní ìpínlẹ̀ Míṣígàn, bí o bá bi èèyàn pé èló ló ń gbà lóṣù, ojú tí wọ́n á fi wò ọ́, o kò ní fẹ́ kí wọ́n tún fi wò ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n iye tó ra ilé onítáyà rẹ̀, wọ́n á bi í kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Lálaalẹ́, tí wọ́n bá ti jẹ sọ́séèjì àti àgbàdo tán, àwọn àgbà á mú agolo bíà tàbí ife kọfí dání, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n á yọrí wọlé, wọ́n á kan ògiri kókókó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo táyà, wọ́n á wá béèrè pé, "Èló lẹ fún wọn?" Ìdáhùn náà a sì máa kéré sí òótọ́, nítorí ẹni tó rà á ní pọ́ọ́kú jù ni ọba níbẹ̀. Ẹni tó san ẹgbẹ̀rún méjìlá á ní mẹ́wàá lòun san. Ìyàwó rẹ̀ á yíjú sí adágún, á wúkọ́. Ẹ má wulẹ̀ dá wọn lẹ́jọ́, àwa náà mọ iye tí a ń pe bàtà wa fún ọkọ nígbà tí a bá tọjà dé.

Brenna kò mọ àṣà yìí. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ wá. Òótọ́ iye ilé náà ló mọ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là ó lé ọgọ́rùn-ún. Ọdún mẹ́ta ni òjò ti ń gba òrùlé rẹ̀ wọlé kí wọ́n tó rà á. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, eku sì ti bí ọmọ, tí ọmọ ti bí ọmọ-ọmọ, nínú bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ òrùlé ni Wes ń ṣe. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ títí di ìgbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi ni òun àti Brenna fi ń tú pákó jíjẹrà, tí wọ́n ń kan tuntun. Gbogbo ìṣó abẹ́ tábìlì, Brenna ló kàn án. Nínú àgbàlá ilé wọn, ó ti fi ilẹ̀ náà yangàn fún àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ni nílé, ojú àjèjì a máa sọ ọ́ di ìtìjú.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," Brenna dáhùn.

Ìka kúrò ní imú Kenzie. "Èyí?"

"Dádì mi ní kò tiẹ̀ wọ́n."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n pè é síbi iná wọn. Ó bá wọn jẹ bisikíìtì tí ṣokoléètì yọ́ sí láàárín. Ní alẹ́ kejì, Kenzie gbé àga fún un. Irọ́ náà dùn lẹ́nu ju ṣokoléètì lọ.

Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ẹnu Kenzie, ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé e dé ilé ìfọṣọ, ilé ìfọṣọ gbé e dé etí omi níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń pa ẹja. Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Orrin Postma, tí ilé onítáyà tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn Dykstra.

Ìbejì ni ilé méjèèjì. Ibì kan náà ni wọ́n ti ṣe wọ́n, lọ́dún kan náà, ìlà aláwọ̀ ewé kan náà ló yí wọn po bí ìgbànú. Ọdún méjìlá ni bàbá yìí àti Trudy ìyàwó rẹ̀ fi ń wá síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Trudy kú nígbà òtútù tó kọjá. Ìgbáròkó bàbá sì ti ń dùn ún débi pé Brenna ló ń bá a gbé igi ìdáná. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Brenna pé ọmọ òun tó wà ní Arisọ́nà, níbi tí ooru wà, ti tún yàrá ṣe de òun, ó sì fẹ́ kí òun dé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Ilé onítáyà nìkan ló kù tí òun ní láti tà kí ibùdó tó ti ilẹ̀kùn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Tọkọtaya kan, ìyàwó ń retí ọmọ, ti dá ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dọ́là lé e, wọ́n á sì gbé owó wá lọ́jọ́ Sátidé.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Brenna ń fọ abọ́. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ó rí tọkọtaya náà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ìyàwó ń fi ọwọ́ pa ògiri ilé náà bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ. Ó sì rí Bàbá Postma tó ń mi orí.

"Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún," ni bàbá wí. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n rà á."

Kò sí ọgbọ́n tí bàbá náà kò lò. Láti ìgbà tó ti ń wá síbẹ̀, kò tíì gbọ́ ẹni tó bu iye kún owó ilé rẹ̀ rí. Dídín ni gbogbo wọn ń dín in. Bí ẹnì kan bá wá ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, á jẹ́ pé ọgbọ̀n ló san. Bí ti aládùúgbò bá tó ọgbọ̀n, kí ló dé tí ìkejì rẹ̀ á fi lọ ní mẹ́sàn-án?

Abọ́ dúró lọ́wọ́ Brenna. Kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò pa dé, lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì. Eruku dìde lójú ọ̀nà, ó sì balẹ̀. Ó padà sídìí abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó tún un fọ̀.

Bàbá Postma kọ ẹgbẹ̀rún méjìlélógún sórí páálí, ó gbé e sójú fèrèsé. Àwọn tó ń kọjá á kà á, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á máa lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá báyìí. Ewé ẹ̀ka kan lára igi tó wà lẹ́yìn ilé bàbá ti pọ́n, àmì pé òtútù ń bọ̀. Arisọ́nà ń pè é lórí fóònù lójoojúmọ́, bàbá á sì sọ pé ẹnì kan á wá. Kò sí ẹni tó wá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Wes ti etí omi dé, ó gbé ẹja sílẹ̀, kò súfèé. Àwọn apẹja ti fi orúkọ tuntun sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ń pè é, òpè tí ọlọ́jà rí gbá mú. Brenna tó fẹ́ fi irọ́ dé bàbá rẹ̀ ládé, àwọ̀n ẹja ló fi dé e lórí.

"Bren, ta ló sọ iye yẹn fún wọn?"

Ó jẹ́wọ́. Wes jókòó, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé ilẹ̀ tí àwa méjèèjì jọ kàn ló tì ọ́ lójú," ó béèrè, "àbí èmi?"

Brenna bú sẹ́kún.

Wes ní ti yẹ̀yẹ́ kò ṣòro, pé òun ti ń jẹ́ òpè kí òun tó fẹ́ ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ gan-an á jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí páálí tó wà lójú fèrèsé ilé kejì. "Ti bàbá yẹn ló ṣòro. Lọ bá wọn." Brenna bẹ̀ ẹ́ pé kó sin òun lọ. Wes ní nígbà tó ń parọ́, ta ló sìn ín?

Bàbá Postma wà lórí àga lóde, aṣọ ìbora lórí orókún. Brenna dúró níwájú rẹ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láti orí ọ̀pá rọ́bà títí dé orí abọ́ tó fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin?" ni bàbá wí.

"Ó lé ọgọ́rùn-ún, sà. Ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Eku wà níbẹ̀."

Bàbá ṣí fìlà. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì í níkùn. "Ọdún méjìlá. Gbogbo wa là ń parọ́ níbí, ọmọ yìí. Ìwọ nìkan ló parọ́ gòkè." Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó mú fóònù, ó pe tọkọtaya náà lójú Brenna. Ó gbọ́, ó dúpẹ́, ó ní kí Ọlọ́run sọ ìyàwó kalẹ̀ láyọ̀. Wọ́n ti ra òmíràn láti ọjọ́ Túsìdé.

Ì bá sàn lójú Brenna kí bàbá bínú, kó tilẹ̀ gbá a létí. Ṣùgbọ́n bàbá kàn tún aṣọ orókún rẹ̀ tò, ó wo adágún. Nígbà tí Brenna béèrè ohun tí òun lè ṣe, ó ní kó mú búrọ́ọ̀ṣì wá láàárọ̀.

Brenna fọ ilé náà láti òrùlé dé táyà. Ó ya páálí yẹn, ó kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ tí bàbá pè sórí tuntun. Lálaalẹ́ tí àwọn alágolo bá yọ, á dúró dè wọ́n. Kí wọ́n tó béèrè, á sọ fún wọn pé irọ́ lòun pa, pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ọgọ́rùn-ún ni tiwọn, á sì mú wọn wọlé lọ wo pákó tí òun kàn, kí wọ́n lè rí ohun tí òjò bà jẹ́, kí wọ́n sì mọ̀ pé ti Bàbá Postma kò jò rí, pé owó rẹ̀ kò pọ̀jù. Ojú tì í ní alẹ́ àkọ́kọ́ débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ní alẹ́ kẹta, ó ti dínkù. Kenzie gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, kò gbé àga fún un mọ́. Bàbá Kenzie ní tirẹ̀ kúnlẹ̀, ó kan pákó náà, ó kan sáárá sí i. Ó wá họ ọrùn, ó ní tí a bá ń sọ òótọ́, iye tí òun máa ń pe ti òun fún wọn, ìdajì iye tí òun san ni. Bíà gba ọ̀nà òdì lọ́fun ìyàwó rẹ̀, nítorí iye kan náà ni ọkọ rẹ̀ pè fún un nílé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òtítọ́ Brenna pẹ́ lọ́jà lóòótọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ibùdó ti ilẹ̀kùn, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ra ilé náà. Ẹgbẹ̀rún méje ó lé igba ló san. Ó dín ní ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹgbẹ̀rin sí iye tí tọkọtaya yẹn dá lé e. Brenna gbé àpòòwé kan lọ bá Bàbá Postma, owó tó rí níbi tó ti ń bá àwọn èèyàn tọ́jú ọmọ ló wà nínú rẹ̀, kò tó igba dọ́là. Bàbá dá a padà sí i lọ́wọ́.

"Má san án fún mi. Máa rántí iye rẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé èló ni irọ́ yẹn jẹ, má dín in, má sì bù kún un."

Bàbá lọ sí Arisọ́nà. Òtútù dé, ó lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, Wes tún wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ọ̀pá rọ́bà, ó ń súfèé, Brenna sì ń bá a di ìdí ọ̀pá náà mú. Ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ààyè ẹ̀gbẹ́ wọn gbé ife kọfí wá, ó kan ògiri kókókó, ó ní èló ni wọ́n ra ilé yìí.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ọgọ́rùn-ún ni Dádì mi san, mà," Brenna dáhùn. "Èmi náà ná ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹgbẹ̀rin lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpò mi ni owó yẹn ti jáde."

Ìyá náà béèrè ìtumọ̀. Brenna nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sọ ọ́ fún un.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan á wo bàtà yín, ilé yín tàbí bàbá yín, tí yóò sì béèrè iye rẹ̀. Ẹ sọ iye tó jẹ́. Irọ́ tí a bá pa kí ojú má baà tì wá fún ìṣẹ́jú kan, ẹlòmíràn tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ló sábà máa ń san owó rẹ̀, a kì í sì mọ̀ títí eruku mọ́tò yóò fi balẹ̀.