Ta Ló Ni Orin Iná?

Lórí òkè kan lẹ́bàá odò Neris, nínú òjò wẹliwẹli, ni Skirmantė ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ó dojú bolẹ̀, ó ń fẹ́ iná tí kò fẹ́ ràn. Eérú ti bo imú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín. Àwọn èèyàn rẹ̀, àwọn ará Lithuania tó padà sídìí òrìṣà àwọn baba ńlá wọn, dúró yí i ká, wọ́n ń dúró de iná kí wọ́n tó kọrin.

Ó rí ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́ Skirmantė. “Ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ máa bá wa fẹ́ ẹ ni, àbí ẹ máa wò ó títí táá fi kú?”

“Iṣẹ́ mi ni kí n máa wò.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó bá tún dojú bolẹ̀.

Nígbà tí iná máa fi ràn, Skirmantė náà ti wà lórí eékún, eérú ti ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀sìn wọn ló ń kọ ìwé ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lé lórí ní yunifásítì kan ní Vilnius. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sábúlé Jorigis, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń fẹ́ iná yẹn. Ó ní iṣẹ́ ló ń gbé òun lọ. Irọ́ ni. Ìfẹ́ ọkùnrin náà ti wọ̀ ọ́ lára, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di abọ̀rìṣà. Lórí òkè, bí amí ni wọ́n ń wò ó. Ó di àdán, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí rẹ̀ tún ní kó kọ ojú ewé kan síwájú ìwé náà, kó sọ irú ẹni tó jẹ́ sí àwọn tó ń kọ nípa wọn. Ó kọ ọ́ tì.

Danguolė, ìyá Jorigis, ni aṣáájú wọn. Ó máa ń sọ pé láti ẹnu ìyá ìyá ìyá òun ni orin iná tí wọ́n ń kọ lórí òkè ti wá. Skirmantė wá orin náà títí nínú àkójọ orin àtijọ́, kò rí i. Àfi nínú àpótí ìwé tí Danguolė fúnra rẹ̀ yá a. Ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá náà ni, ọdún 1974. Ó kọ ìlà kan, ó fagi lé e, ó tún un kọ.

Ó fi han Jorigis.

“Yọ ọ́ kúrò nínú ìwé rẹ,” Jorigis wí. “Oṣù tó ń bọ̀ làwọn aṣòfin máa dìbò bóyá ẹ̀sìn ni tiwa àbí eré. Tí wọ́n bá ka èyí, ó parí.”

“Tí mo bá yọ ọ́, òpùrọ́ ni mí.”

“Tí o ò bá yọ ọ́, kí ni mo jẹ́ sí ẹ?”

Skirmantė kó àwọn ìwé rẹ̀ sápò. Ó wọ bọ́ọ̀sì padà, ó sunkún dé Vilnius. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì.

Danguolė ló wá bá a nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí yìnyín ń já. Kò tilẹ̀ bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

“Èmi ni mo ṣe orin yẹn. Àwọn tó mọ ti àtijọ́, Sìbéríà ni ìjọba Soviet kó wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Iná ń jó níwájú mi, mi ò sì ní ohun tí màá sọ sí i. Ká ní mo sọ pé èmi ni, ta ló máa bá mi gbè é?”

“Mà, ìbò yẹn ńkọ́?”

“Kí wọ́n dì í. Kọ orúkọ mi síbẹ̀, má sì ṣì í kọ. Ẹni tó ń bínú wà nísàlẹ̀. Èmi ló ń bínú sí, kì í ṣe ìwọ.”

Skirmantė sáré sọ̀ kalẹ̀. Jorigis fara ti ọkọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Láti kékeré ni mo ti ń kọ ọ́,” Jorigis wí. “Báwo ni màá ṣe tún ya ẹnu sí i?”

“Bó o ṣe ń yà á tẹ́lẹ̀. Ìyá tó bí ẹ ló ṣe é, ta lo tún ń wá?”

Jorigis gbọn yìnyín kúrò léjìká rẹ̀. “Ojú ewé tìẹ ńkọ́? O ti kọ ọ́?”

“Mo ti mọ ohun tí màá kọ.” Skirmantė sún mọ́ ọn. “Pé ọmọ ẹni tó ṣe orin yìí ni àfẹ́sọ́nà mi, kí ẹni tó bá ń ka ìwé mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ irọ́, Jorigis. Ṣé òótọ́ ni?”

Jorigis di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó rọra fẹ́ èémí gbígbóná sí wọn.

“Òótọ́ ni,” ó wí. “Lọ kọ ọ́.”