Oko Mẹ́ta Nínú Ìwé Ìdánwò

"Kíákíá, mélòó lo ti ṣí?"

"Mẹ́fà, Màámi."

"Nínú mẹ́rinlélọ́gọ́rin?" Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó tún ti bébà mìíràn sábẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé. Àtàárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé ó ti bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má wulẹ̀ sáré. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Kíákíá ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé ìtẹ̀wé yẹn, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kì í fẹ́ parí kí wọ́n tó rán an tán. Ìdánwò àṣekágbá tirẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé kíkà ti sú u, iṣẹ́ yìí tún wá sú u ju ìwé lọ. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé ni. Bí wọ́n bá kó fọ́ǹtì, ìyẹn oríṣiríṣi ìrísí lẹ́tà, sínú rẹ̀, kò ní rí wọn àfi bí wọ́n bá kọ orúkọ wọn sínú àtòjọ, kí wọ́n sì kọ iye wọn sórí ìlà àkọ́kọ́. Kíákíá gbọ́dọ̀ ṣí fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, kó wò ó bóyá àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà pé, kó tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀gá ti ṣèlérí pé bí ìwé ìdánwò Yorùbá tó wà nílẹ̀ bá jáde láìlábùkù, ìyá Kíákíá ni yóò máa jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Ìjókòó yẹn gan-an lobìnrin náà ń gbàdúrà fún.

Ọ̀rẹ́ Kíákíá yọjú lójú fèrèsé. "O ò tíì ṣe tán? Ṣebí àtòjọ wà lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Dà á kọ, jẹ́ ká máa lọ jàre."

"Màámi ní kí n ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ta ló máa mọ̀?"

Kíákíá wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ó ti rẹ òun náà. Ó da àtòjọ àtijọ́ kọ sórí tuntun, ó ṣí ìwé ìdánwò tí ìyá rẹ̀ ti tẹ̀ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó ní kí ẹ̀rọ tẹ igba ẹ̀dà, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé fọ́ǹtì tí ìyá rẹ̀ lò kò sí lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà wá a tì, ó sì fi òmíràn tí kò mọ àmì kankan rọ́pò rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tíṣà Yorùbá tó ni ìwé ìdánwò náà wọlé tòun ti ẹ̀dà kan lọ́wọ́.

"Ìyá Kíákíá, ẹ bá mi ka ìbéèrè kẹta."

Ìyá náà kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Fi oko, oko àti oko ṣe gbólóhùn mẹ́ta."

"Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ni mo kọ! Ẹ wá sọ gbogbo wọn di oko. Ṣé àgbẹ̀ ni mo fẹ́ fi àwọn ọmọ yìí ṣe ni?"

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló ṣe eléyìí?"

Ìyá wo Kíákíá, ó sì gbé ojú kúrò. "Èmi ni, sà. Ẹ má bínú."

Bí Kíákíá bá dákẹ́, ó ti bọ́ nínú ọ̀ràn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó rí i bí ìyá rẹ̀ ṣe di etí tábìlì mú kó lè dúró, ojú sì ti Kíákíá gidigidi.

"Kì í ṣe àwọn, sà. Èmi ni. Mi ò ṣí fọ́ǹtì kankan lẹ́yìn mẹ́fà. Mo kàn da àtòjọ kọ ni."

Ọ̀gá gba ẹ̀dà náà lọ́wọ́ tíṣà. "Ó dáa tó o jẹ́wọ́. Àmọ́ ìyá ẹ gbé iṣẹ́ fún ẹ, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò tíì lè jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí. Lọ ṣí gbogbo wọn."

Kíákíá ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú fi ń ta á. Mọ́kànlélọ́gọ́ta péré ló pé, iye yẹn ló sì kọ sórí ìlà àkọ́kọ́. Ó fi ọ̀kan nínú wọn tún ìwé ìdánwò náà tẹ̀. Ìyá rẹ̀ ka ìbéèrè kẹta sókè, ó mi orí pé ó ti dáa.

"Orúkọ tó o bá kọ sílẹ̀, ẹ̀rí lo jẹ́ yẹn. Má jẹ́rìí ohun tó ò rí."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìgéwèé. Kíákíá gbé àga tirẹ̀ lọ bá a kó lè jókòó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ga ju ẹni tó jókòó lọ. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé iṣẹ́ tí a bá sá fún kì í lọ. Ẹlòmíràn ló máa dúró ṣe é, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú tẹ́lẹ̀.