Ọjọ́ Tí Lavonne Bá Ìyá Rẹ̀ Dìbò

Ọwọ́ ìyá Lavonne tó kán ló jẹ́ kí Lavonne àti Bernadette mọra. Yìnyín ló wà lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, Màmá Earlene yọ̀ ṣubú, Lavonne sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú Baltimore. Bernadette, obìnrin funfun kan tó ń ya àwòrán egungun níbẹ̀, ló jáde wá pè wọ́n.

"Màmá, ẹ gbé ọwọ́ yín lé ibí yìí. Ẹ má mì o, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí n yà á lẹ́ẹ̀mẹwàá."

"Ta ni màmá ẹ?" ni Màmá Earlene fi dá a lóhùn. "Mi ò rántí pé mo bí funfun kankan."

Bernadette ò bínú. "Ẹ ó bí mi kí n tó ṣe tán níbí. Bí ọwọ́ yín ṣe tutù tó yìí, ẹ nílò ọmọ kan sí i."

Màmá rẹ́rìn-ín tòun ti ìrora. Lavonne náà rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà tó dúró sí, ojú òun àti obìnrin náà sì ṣe mẹ́rin. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni Lavonne nígbà náà. Ó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi tí bàbá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tó ti mọ irú ẹni tí òun jẹ́, ó kàn ti gbé e mì ni. Lọ́jọ́ náà, ohun tó gbé mì ta sókè wá sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Bernadette kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn káàdì tí wọn yóò fi padà wá. "Bí ọwọ́ Màmá bá ń dùn wọ́n, pè mí. Bí kò bá tiẹ̀ dùn wọ́n, pè mí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Lavonne fi rò ó, kó tó pè é.

Kí ọdún méjì tó pé, Bernadette ti kó wá sílé wọn. Wọ́n fún un ní yàrá òkè, wọ́n sì ń pè é ní ayálégbé. Ìsàlẹ̀ ni Màmá Earlene ń gbé nítorí ojú rẹ̀ tó ti ń ṣókùnkùn. Lójú àwọn ará ìjọ, ọ̀rẹ́ Lavonne ni. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí tí ayálégbé fi ń gé èékánná ìyá onílé, tàbí ìdí tí ìyá onílé kì í fi í jẹun alẹ́ àfi tí ayálégbé bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Funfun yìí ti ń mọ ẹ̀fọ́ sè," ni Màmá máa ń wí. "Ẹni tó bá sọ fún mi tẹ́lẹ̀, màá ní irọ́ ló ń pa."

Ní ti àwọn ará ilé Bernadette, ọ̀rọ̀ ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Irin ni Stanley Sadowski, bàbá rẹ̀, fi gbogbo ayé rẹ̀ rọ ní Dundalk, kì í sì í pa Máàsì ìjọ Kátólíìkì jẹ. Ó ní ọmọ òun tó fẹ́ràn obìnrin, òun lè gbàdúrà nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n kó wá jẹ́ obìnrin dúdú? Kò gbọdọ̀ mú un dé ẹnu ọ̀nà òun. Ọdún mẹ́fà ni bàbá náà ò fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni ilé mi báyìí, adúmáadán mi," ni Bernadette wí, ó sì gbé orí lé èjìká Lavonne. "Ìwọ àti ìyá ẹ tó ń bú mi."

Ní ọdún 2012, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Maryland ṣe òfin pé obìnrin lè gbé obìnrin níyàwó, kí ọkùnrin sì gbé ọkùnrin. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ gba ìbuwọ́lùwé jọ, wọ́n ní àfi kí gbogbo ìlú dìbò lé e lórí. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n fi í sí, lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ìbò ààrẹ.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà jáde, Bernadette ń fọ́ alákàn nínú ilé ìdáná. "Bí ó bá wọlé, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bèèrè nìyẹn? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ alákàn lọ́wọ́?"

"Dá mi lóhùn, jọ̀ọ́."

"Màá fẹ́ ẹ, ọkàn mi. Bí ó bá wọlé."

Ó rọrùn fún Lavonne láti wí bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kò lè wọlé láéláé.

Láti ìgbà náà ni Bernadette ti ń kan ilẹ̀kùn kiri ládùúgbò lẹ́yìn iṣẹ́, tó ń bẹ àwọn èèyàn. Ní òpópónà kẹta sí tiwọn, ìyá àgbà kan wò ó látòkè délẹ̀. "Arábìnrin, ẹ̀yin funfun ti gba gbogbo nǹkan tán. Bíbélì ló kù, ẹ tún wá bá a?"

"Bí ìwọ bá tẹ̀ lé mi ni, wọ́n á gbọ́," ni Bernadette wí nígbà tó délé.

"Bernie, ìwọ á kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn. Èmi ni màá pàdé wọn lọ́jọ́ Àìkú."

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ìbò, Pásítọ̀ Gaither gun orí pẹpẹ. "Àwọn tó fẹ́ òfin yìí ní ọ̀ràn tiwọn àti ti àwa dúdú, ọ̀kan náà ni," ó wí. "Ṣé wọ́n ta àwọn baba wọn lọ́jà ni? Àbí ọlọ́pàá tú ajá sí wọn? Ọlọ́run kì í dìbò, ẹ̀yin ará! Ohun tó wí náà ló wí!"

Àmín gba gbogbo ilé kan. Lavonne wà nínú aṣọ akọrin, ó gbọ́ àmín ìyá rẹ̀ láàárín gbogbo rẹ̀. Òun ni wọ́n ní kó dá orin lẹ́yìn ìwàásù. Ó dá a. Wọ́n ní kò tíì kọrin dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ọjọ́ ìbò pé, Màmá Earlene ti wọṣọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó dé fìlà ọjọ́ Àìkú rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn funfun lé bàbá rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ tó ń ro ní Carolina nítorí pé ó lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Láti ìgbà tí Màmá ti tó ìbò dì, kò pa ọ̀kan jẹ rí.

Ojú rẹ̀ ò tó ojú ẹ̀rọ ìdìbò í kà mọ́. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní kí Lavonne fọwọ́ síwèé pé bí ìyá òun bá ṣe wí gẹ́lẹ́ ni òun ó ṣe tẹ̀ ẹ́. Lavonne fọwọ́ sí i.

"Ààrẹ wa ni àkọ́kọ́," ni Màmá wí. Lavonne tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé ìbéèrè kẹfà, ti òfin ìgbéyàwó náà. Lavonne kà á.

"Ṣé èyí tí pásítọ̀ sọ nìyẹn?"

"Òun ni, Màmá."

"Tẹ̀ ẹ́ pé mi ò fara mọ́ ọn."

Ìka Lavonne dúró lófuurufú. "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Lavonne." Ìyá rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ojú mi ò ríran, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni mi ò rí. Ọmọ mi ni Bernie. Ohun tí ẹ jẹ́ sí ara yín, mi ò dá ẹjọ́ rẹ̀ nínú ilé mi rí. Àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí i níwájú Ọlọ́run. Má bi mí mọ́. Tẹ̀ ẹ́."

Bí ó bá tẹ èkejì, ta ni yóò mọ̀? Ìyá rẹ̀ ò ní rí i. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n ti torí ìbò lé bàbá rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, ṣé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni yóò wá jí ìbò rẹ̀? Lavonne tẹ ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀.

"Ṣé o tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe wí?"

"Bí ẹ ṣe wí ni, Màmá."

Lẹ́yìn náà ló di tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé òun fara mọ́ ọn. Ìbò ọmọ pa ìbò ìyá rẹ́. Ó dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jáde nílé wọn rárá.

Kò lè fi í pamọ́ fún Bernadette. Bí Bernadette ṣe ti ibi iṣẹ́ dé ló sọ fún un. Bernadette jókòó sórí àtẹ̀gùn tòun ti kóòtù lọ́rùn.

"O fi ọwọ́ ara ẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Ìbò wọn ni, Bernie. Kì í ṣe tèmi."

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kan ilẹ̀kùn! Àwọn èèyàn yín ló máa bà á jẹ́ fún wa, bí wọ́n ṣe..." Ó pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Àwọn èèyàn wa," ni Lavonne wí. "Bàbá ẹ ńkọ́? Dúdú ni òun náà?"

Bernadette bú sẹ́kún. "Forí jì mí. Forí jì mí, ìfẹ́ mi. Mi ò mọ ibi tó ti wá."

Lavonne dì í mọ́ra, ó sì forí jì í. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìròyìn jáde pé ó wọlé. Ìbò díẹ̀ ló fi wọlé, àmọ́ ó wọlé. Àwọn èèyàn ń fun fèrè ọkọ̀ kọjá lójú pópó. Bernadette sáré sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà. "Oṣù Kìíní, Lavonne! Oṣù Kìíní tí òfin bá bẹ̀rẹ̀ la ó ṣe é!"

Lavonne wo ojú tó fẹ́ràn náà, ẹ̀rù sì bà á. "Bernie, mi ò lè ṣe é lójú Màmá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Bí wọn ò bá sí mọ́..."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí a ní sùúrù."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bernadette ò fi fa ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó ń sè, ó ń tún ilé ṣe, ó ń ka ìwé ìròyìn fún Màmá bí ìṣe rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin.

"Ṣé nítorí ohun tí mo tẹ̀ ni?" ni Lavonne bi í lẹ́nu ọ̀nà. "Bú mi. Lù mí tó o bá fẹ́. Ṣáà dúró."

"Mo ti gbàgbé ìyẹn tipẹ́." Bernadette fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú. "Láàárọ̀ àná, Màmá húkọ́. Ṣé o mọ ohun tí mo rò? Mo ń ro iye ọdún tó kù. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn, Lavonne. Mi ò lè máa gbé nínú ilé wọn kí n máa retí ikú wọn."

Bernadette fẹnu kò ó lẹ́nu níbẹ̀, lójú gbogbo òpópónà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́jọ. Ó sì wọ ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí Lavonne wọlé, Màmá Earlene ti jókòó sídìí tábìlì.

"Mo gbọ́ ọkọ̀. Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Màmá."

"Kò yé mi o. Ẹ̀yin lẹ ṣáà wọlé. Èmi ni mo fìdí rẹmi. Kí ló wá ń lé e lọ?" Ó na ọwọ́ wá ọmọ rẹ̀ títí ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó tutù fún omijé. "Pè é. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó padà wá. Sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ń pè é."

"Màmá, bí mo bá pè é tó sì wá, ṣé ẹ ó wá síbi ìgbéyàwó wa?"

Ìyá náà ò yọ ọwọ́ kúrò lójú ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "bi mí ní nǹkan mìíràn."

Lavonne kò ní nǹkan mìíràn tó fẹ́ bi í. Ó fa àga, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń sunkún ẹnì kan náà.