Yàrá Tí Kò Lẹ́nu Ọ̀nà Ní Ìlódè

Mo fi ewú orí mi ṣèlérí: ìtàn yìí kò ní pẹ́. Òótọ́ sì ni. Irọ́ ni mo máa ń fà gùn, mo sì ti fẹ̀yìn tì nídìí irọ́.

Ìlódè ni ilé bàbá wa wà. Òjò wọ́ erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ, ilẹ̀ àpáàdì sì yọ: àpáàdì wẹ́wẹ́ tí àwọn ará ìgbà láéláé tò lóòró, tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé wọn. Àbúrò mi, Ọlálékan, fẹ́ kọ́ yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, Àníkẹ́, ní kí àwọn tó ń walẹ̀ pìtàn kọ́kọ́ wò ó.

Dókítà Bọ́látitó dé. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ pa àpáàdì lára.

"Ibi tó bá jọ̀lọ̀, ẹsẹ̀ ló fá a, mà. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ibi tí àpáàdì bá parí gbọnrangandan, ògiri ló dúró níbẹ̀."

Ó kan èèkàn, ó ta okùn sí ipò ògiri kọ̀ọ̀kan. Kí oòrùn tó yí, ilé tí kò sí ti wà níwájú wa. Yàrá kan ló kù tí kò rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àpáàdì etí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ yíká.

Láti ọjọ́ náà, Àníkẹ́ kì í wọ inú okùn láìkágò. A ń fi í rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọlálékan mú téèpù ìwọnlẹ̀ dé. Ó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí okùn.

"Ògiri lo gbà wọlé yẹn," Àníkẹ́ wí.

"Ògiri dà, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Padà síta. Kágò."

"Kí n kágò fún okùn?"

Ó tún gbẹ́sẹ̀, ó bọ́ sínú yàrá tí kò lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọjú sí wa. Ẹnu rẹ̀ ń lọ. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ewúrẹ́ tó ń ké lójúde dákẹ́. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ afẹ́fẹ́, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Mo wo Àníkẹ́. Mo padà wò. Téèpù nìkan ló wà nílẹ̀.

Oòrùn ń ràn gan-an.

"Lékan," Àníkẹ́ pè. "Àgò o. Àgò onílé o."

Ó kágò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

A fi fóònù pe Dókítà, ó sì sáré dé. Mo ní ká tú okùn.

"Bí ẹ bá tú u, sà, ta ló máa mọ ibi tí wọ́n wà?"

Ó wá ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pè mí. Ohùn rẹ̀ kéré. Àpáàdì tó mú lánàá ti jọ̀lọ̀, lẹ́bàá ògiri, yíká.

"Báwo lẹsẹ̀ ẹnì kan ṣe máa rìn pẹ́ tó, kó tó ṣe irú èyí?" mo bi í.

"Ó ju ọjọ́ ayé èèyàn lọ, sà."

Ó palẹ̀ mọ́. Kò padà wá.

Ẹbí ṣèpàdé. A da iyanrìn bo àpáàdì náà, a kọ́ yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé e lórí. Ìfẹ́ Ọlálékan ṣẹ. Èèyàn dáadáa ni wá. Àníkẹ́ kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Lóṣù tó kọjá, ayálégbé wa, Fìyìnfólúwa, ní sìmẹ́ńtì yàrá òun ti ń fá lẹ́bàá ògiri, yíká. Mo ní sìmẹ́ńtì ayé ìsinsìnyí kò dáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dé etí Hàjàrá, ìyàwó Ọlálékan. Ìpetumodù la ní ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀.