Irúgbìn Inú Ìkòkò

Kùrukùru bo ojú omi Hafen, èbúté ọkọ̀ ní Hamburg, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nọ́fíù jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, ó ń wo àwọn kọntéínà, ṣùgbọ́n oko ló ń rí. Ó rí ilẹ̀ bàbá wọn nítòsí Ìsẹ́yìn, ewéko tútù ga ju ènìyàn lọ, atẹ́gùn rọra ń tẹ̀ ẹ́, àwọn ọ̀dọ́ abúlé kò sì sá lọ sí Èkó mọ́. Ọkùnrin yìí mọ àlá lá lójúmọmọ.

Hanf ni ewéko náà, ìbátan igbó, tí àwọn àgbẹ̀ Jámánì ń gbìn fún okùn, aṣọ, òróró àti búlọ́ọ̀kù ilé. Kì í yí ènìyàn lórí bí èyí tí wọ́n ń mu. Àbúrò rẹ̀, Abdulrasheed, tó ń ta aṣọ Hanf ní àdúgbò Kreuzberg, ló fi hàn án nígbà tó lọ kí i ní Berlin.

"Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe kéèyàn kàn gbìn ín o," Abdulrasheed ti wí fún un. "Níbí, ẹ máa kọ́kọ́ register. Irúgbìn tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan lẹ lè lò, wọ́n sì lè wá test ewé ẹ̀ lóko. Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa rà á before ẹ tó gbìn ín, torí ẹ̀rọ tó ń bó o ò sí níbi gbogbo. Nàìjíríà ńkọ́? Law wa ò tíì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára igbó. Ẹ wádìí first."

Nọ́fíù ń mi orí. Okùn àti aṣọ nìkan ló wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tó délé ní Lurup láàárọ̀ yẹn, òun àti Qúdrát ìyàwó rẹ̀ di àgbá ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Hàfúsátù, ẹ̀gbọ́n Nọ́fíù obìnrin, alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ nílé. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń di àgbá: àyè kan kì í ṣófo. Ìbọ̀sẹ̀ wọ inú bàtà, ọṣẹ wọ inú ife. Irúgbìn Hanf tí Nọ́fíù ti rà wọ inú ìkòkò ńlá, ó sì fi tówẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ lórí.

"Ẹ ò ní kọ irúgbìn sí list?" Qúdrát bi í.

"Ìkòkò ni wọ́n máa rí, ìkòkò ni mo kọ."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, àwọn aṣọ́bodè tú ìkòkò náà ní Èkó. Irúgbìn tí wọ́n fi tówẹ̀lì bò, tí kò sí nínú ìwé, ta ni yóò gbà pé wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́? Orúkọ Hàfúsátù ló wà lára àgbá. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi sùn ní àhámọ́ kí wọ́n tó gba onídùúró rẹ̀, ẹjọ́ sì ṣì wà nílẹ̀.

Orí ọkọ̀ ojú omi yẹn náà ni ìpè rẹ̀ bá Nọ́fíù.

"Sìstá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé..."

"O mọ̀. Abdulrasheed ní òun ti sọ fún ẹ." Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn gan-an ló dun Nọ́fíù wọnú eegun. "Ẹgbẹ́ wa ti ní kí n fi ipò alága sílẹ̀. Ilẹ̀ Bàbá ò lọ ibì kankan, Nọ́fíù. Ṣé o ò lè dúró béèrè ni?"

Nọ́fíù ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Nàìjíríà. Yóò lọ sọ níwájú adájọ́ pé òun ló di ìkòkò náà, kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi òun ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lá àlá oko láti òkèèrè, àlá náà dára, abúlé wa nílò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí òfin ilé sọ. Ẹ gba ìwé àṣẹ, ẹ wá ẹni tí yóò ra irè yín, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tó wà nínú àgbá. Ẹ rántí pé ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára àgbá ni wọn yóò kọ́kọ́ wá mú.