Abẹ Tí Mùnírù Fá Títí Tó Fi Dán

Irin pípọ́n wà lẹ́nu ẹ̀mú Mùnírù, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀, nígbà tí Fàdìlàt kọ́kọ́ fojú kàn án ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mọ́níyà. Ó ti irin náà bọnú epo, èéfín bò ó, ó sì yọjú nínú èéfín náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn wọ Fàdìlàt lára, inú sì bí i, torí ìjà ló bá wá.

Ó tú láílọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀. Abẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ adìẹ ló wà níbẹ̀, ó ti kán sí méjì.

“Ẹ̀yin lẹ ṣe é fún bàbá mi, Alájì Yésúfù. Wọn ò lò ó ju oṣù kan lọ. Àfọ́kù ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí wọn.”

“Èmi kì í ta irin burúkú, Àǹtí.”

“Ẹnu lẹ fi ń sọ yẹn. Yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tá a ti ń yẹ inú irin wò. Ẹ mú òmíràn tẹ́ ẹ ṣe pẹ̀lú eléyìí wá fún mi ní yàrá àyẹ̀wò wa ní Ajíbọ́dẹ.”

Mùnírù fura. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dáná irin, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún rí. Ta ló mọ̀ bóyá àṣírí yẹn lọmọ yìí ń wá? Ó gbé abẹ mìíràn náà lọ ṣáá. Ó tún lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun wá béèrè èsì, wọ́n ní kò sí iná. Lọ́sẹ̀ kẹta, àgbàdo sísun ló mú dání.

“Àbí ẹ fẹ́ fi àgbàdo ra èsì ni?”

“Ojú yín ni mo wá wò. Èsì ò ṣeé jẹ.”

Fàdìlàt rẹ́rìn-ín. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á láti gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí iná dé, èsì jáde. Bí wọ́n bá ti irin pípọ́n bọ epo, ó yẹ kí gbogbo inú rẹ̀ yí padà, kó le. Àmọ́ apá kan a máa kọ̀, a fara pamọ́ síbẹ̀; ọsitẹ́náìtì tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń pè é ní yunifásítì. Bó bá pọ̀, ẹnu iṣẹ́ ni yóò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, irin á sì kán. Ti abẹ tó kán jẹ́ ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ti abẹ tí Mùnírù gbé wá kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún.

“Iná kan náà, epo kan náà,” ni Fàdìlàt sọ fún Mùnírù lórí fóònù. “Ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀. Bàbá mi ti gbọ́ pé ẹ ń wá wò mí, wọ́n ní àwọn ò ní fọmọ fún oníjìbìtì. Kí ni kí n wá sọ fún wọn?”

Mùnírù gun ọ̀kadà wá lọ́gán. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn.

“Irin tẹ́ ẹ ní kí n mú wá náà ni. Mo kàn fi ẹ̀rọ fá a títí tó fi dán ni. Ṣé irin dúdú ni kí n gbé wá síwájú yín?”

Fàdìlàt jókòó. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fá irin bẹ́ẹ̀, agbára ẹ̀rọ a máa fipá yí èyí tó fara pamọ́ padà, àmọ́ awọ ojú rẹ̀ nìkan ni, awọ yẹn nìkan sì ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò wọn ń rí. Ó fi kẹ́míkà jẹ awọ náà kúrò, ó sì tún yẹ abẹ náà wò. Ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.

Omi lé ròrò sí i lójú. “Ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe irin yín, kì í sì í ṣe irọ́. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà ń ṣe é ni. Báwo lẹ ṣe ń jẹ́ kó pọ́n tó?”

Ìbéèrè tí Mùnírù ti ń sá fún nìyẹn.

“Títí tó fi fẹ́ẹ̀ funfun. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ìwọ nìkan ni mo tíì sọ fún.”

“Ó ti gbóná jù, Mùnírù. Jẹ́ ká dín iná kù.”

Ti abẹ tuntun tí wọ́n jọ ṣe kò ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé ìdí ẹ̀rọ Alájì Yésúfù, Alájì kò gba ìwé èsì gbọ́.

“Ọmọ mi ló kọ ọ́, ìwọ ló sì ń fẹ́. Ó yá, dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ tí abẹ yẹn kán.”

Mùnírù dúró. Wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n da àgbàdo sí i. Fàdìlàt rìn wá, ó dúró tì í.

“Fàdìlàt, kúrò níbẹ̀.”

“Èmi ni mo yẹ inú ẹ̀ wò, Bàbá.”

Alájì kò pa ẹ̀rọ títí àpò àgbàdo fi tán. Ó yọ abẹ náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi èékánná ha á, ó dá a padà sínú ẹ̀rọ.

“Mùnírù, ṣé àwọn ẹbí rẹ mọ ọ̀nà ibí?”

“Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n, Alájì.”

“Kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kó tó di Jímọ́.”