Ohùn Tí Alátòó Pa Rẹ́

Mórẹ̀nikẹ́jì kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ láti gba àdúrà ìgbéyàwó lẹ́nu bàbá rẹ̀ tó ti kú. Fadérera, ìyàwó ilé, fọwọ́ kan àwòrán olóògbé náà. Ẹ̀rọ kùn díẹ̀, ó ní:

"Ta ló tún da omi mi nù? Orí yín ò pé ni?"

Àwọn àna bú sẹ́rìn-ín. Baba Adéyanjú, olórí ẹbí, kò rẹ́rìn-ín. Ohùn tirẹ̀ ni, òun tó jókòó síbẹ̀ láàyè.

Ní Ayédùn, ìlú tí àwọn èèyàn wa tẹ̀ dó sórí òṣùpá, a kì í gbẹ́ sàréè. Ohùn la fi ń tọ́jú òkú. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àkójọ tirẹ̀, ìwé, àwòrán àti ohùn, ti òkú àti ti alààyè, ẹ̀rọ tí à ń pè ní Alátòó ló sì ń bá wọn tò ó, bó ṣe ń tò ti ilé ìkówèésí ìlú. Àyè ìpamọ́ ò tó. Nítorí náà, tó bá rí ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, á fi èyí tó gùn jù sílẹ̀, á pa ìyókù rẹ́.

Olúmúyìwá, bàbá Mórẹ̀nikẹ́jì, ti sọ àdúrà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ dí ibi tí ògiri ìlú ti lanu. Kò padà wálé. Ọmọ ò tíì rìn nígbà náà. Nítorí ìgbéyàwó yìí ni wọ́n ṣe ní kí Fadérera tún àkójọ ilé kọ, kó mọ́.

Wọ́n pe Akínbòdé tó ṣe Alátòó. Ó yẹ inú ẹ̀rọ wò títí.

"Ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ sí i?"

"Èmi ni, sà," Fadérera dáhùn.

"'Ọkọ Mi' lẹ kọ fún gbogbo ọkùnrin ilé. Orúkọ kan, ilé kan. Ẹ̀dà ló kà wọ́n sí."

Baba gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kí lo fẹ́ kó kọ? Kó máa pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ bí ẹni ń pe ajá?"

"Baba, ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn."

"Ìwọ tó ṣe é ńkọ́? Ṣé inú ẹ̀rọ ni wọ́n bí ọ sí?"

Obìnrin kan nínú àwọn àna ní, "Baba ló kúkú lẹ́nu jù nílé yìí. Ẹ̀rọ mú èyí tó gùn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ bá mi wá èyí tó sọnù, sà," Fadérera ń bẹ̀bẹ̀.

"Ohùn mìíràn ti gba àyè rẹ̀." Akínbòdé pa ẹ̀rọ dé.

Baba fa Mórẹ̀nikẹ́jì mọ́ra. "Èmi àti bàbá rẹ la jọ mu ọmú kan. Mo mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀." Ó rọ ohùn sílẹ̀. "Mórẹ̀, ọmọ mi, ilé ọkọ á tù ọ́ lára..."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́, Baba."

"Báwo ló ṣe ń sọ ọ́?"

Mórẹ̀nikẹ́jì dijú láti rántí rẹ̀. Lóde, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé ìyàwó lọ ti ń fọn fèrè.

"Mo ṣì gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó ní. Omijé bọ́. "Tiyín nìkan ni mo ń gbọ́ báyìí."